Agbọ̀n Kẹsàn-án Bàbá Kàntóníè

Bàbá bàbá mi kò mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó. Ibẹ̀ ni mo ti máa bẹ̀rẹ̀, nítorí bí mo bá gba ibòmíràn wọlé, irọ́ ni n ó máa pa mọ́ ọn. Àwọn tó wá kí wa lẹ́yìn ìsìnkú ń sọ pé Bàbá ti lọ sinmi. Mò ń ṣe àmín, ṣùgbọ́n nínú mi lọ́hùn-ún mò ń wí pé, sinmi kẹ̀? Ọkùnrin tó ń jẹ iyán lórí ìdúró, abọ́ lọ́wọ́ kan, òkèlè lọ́wọ́ kejì. Bí ẹ bá gbé àga fún un, yóò fi ọwọ́ pa ẹ̀yìn àga náà, yóò dúpẹ́, yóò sì máa bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ lórí ẹsẹ̀. Bí ẹ bá rọ̀ ọ́ jù, ohun kan náà ló máa wí: "Ẹni tó jókòó kò dé Gúká." Ìlú tó kángun sí tiwa ni Gúká.

Bóyá iṣẹ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀, bóyá òun ló sọ iṣẹ́ náà dà bẹ́ẹ̀, mi ò mọ̀. Kàntóníè ni, ọ̀kan nínú àwọn tí ìjọba gbà láti máa tún ọ̀nà ṣe, láti Bàǹtè lọ sí apá Sáfálù, nígbà tí ọ̀nà náà ṣì jẹ́ erùpẹ̀ pupa látòkè délẹ̀. Gbogbo ìlú ló ń pè é ní Bàbá Kàntóníè, débi pé ọ̀pọ̀ kò mọ̀ pé ó ní orúkọ mìíràn títí di ọjọ́ tí àlùfáà pè é lórí pósí. Wọ́n ti fún un ní ìfẹ̀yìntì kí n tó gbọ́njú, ṣùgbọ́n ìjọba ló fẹ̀yìn tì, kì í ṣe òun. Lọ́jọ́ kan, èmi pẹ̀lú rẹ̀ ń lọ síbi ìgbéyàwó kan, ó rí kòtò lójú ọ̀nà. Ó bọ́ agbádá rẹ̀, ó gbé e lé mi lọ́rùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa òkúta. Nígbà tí a fi máa dé, wọ́n ti ń fọ abọ́. Mò ń sunkún nítorí bàtà funfun mi tó ti di pupa. Ó wò mí, ó ní, "Ẹlòmíràn ni ìbá ṣubú sí i."

Ìdí tí mo fi ń kọ èyí nìyí, kí n tó sọnù sínú ìtàn. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tí a sin Bàbá, bàbá mi pe ìdílé jọ sínú oko kajú tí olóògbé fi sílẹ̀. Bàbá mi yìí nìkan ni ọmọkùnrin rẹ̀, olùkọ́ àgbà ní Sáfálù, ẹni tó máa ń lọ ṣòkòtò tirẹ̀ kó tó wọ̀ ọ́ lọ sóko. Ó fẹ́ kí a gé gbogbo igi kajú náà, torí wọ́n ti gbó, kí a gbin tuntun ní ìlà, kí ojú ilẹ̀ mọ́. Bí a bá gé wọn, pápá àwo ti parí nìyẹn, nítorí inú igi wọ̀nyẹn ni Bàbá ṣe pápá náà sí. Kí ọjọ́ ìpàdé tó pé, bàbá mi ránṣẹ́ sí mi. Ó ní, "Ìyábọ̀, ìwọ lo mọ pápá yẹn jù. Wá sọ oore rẹ̀ àti àbùkù rẹ̀ níwájú ẹbí, kí a lè fẹnu kò. Má fi omijé sọ ọ́." Láti ọjọ́ tí mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, ara mi kò balẹ̀ mọ́. Mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní kíláàsì, mò ń rìn láti ògiri dé ògiri, títí tí ọmọ kan fi bi mí pé kí ló sọnù lọ́wọ́ mi.

Ẹ má bínú, ẹni tí kò bá mọ pápá àwo kò ní mọ ohun tí mò ń wí. Ní ìgbà tí ìjọba ní kí gbogbo ènìyàn máa pe ara wọn ní kàmáráàdì, òyìnbó kan wá kọ́ àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ní ìṣirò ní Bàǹtè. Mùsé Andéré ni à ń pè é, nítorí Mùsé ni olùkọ́ ọkùnrin lẹ́nu wa. Ilé tí wọ́n fún un kọjú sí oko kajú Bàbá. Ní ìrọ̀lẹ́, yóò jáde, yóò mú àwo rọ́bà pẹlẹbẹ kan, yóò sì jù ú kó máa yí, kó máa fò lọ láàárín igi, lẹ́yìn náà yóò rìn lọ mú un. Bàbá dúró wò ó fún ọjọ́ méjì. Ní ọjọ́ kẹta ó bi í pé, "Mùsé, àwo yìí, kí ló ń lé?"

Mùsé rẹ́rìn-ín. Ó ṣàlàyé pé ní ìlú àwọn, wọ́n máa ń gbé agbọ̀n sí orí òpó nínú igbó, ènìyàn yóò dúró lókèèrè, yóò ju àwo títí yóò fi wọ agbọ̀n kìíní, yóò tún rìn lọ sí èkejì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí iye ìgbà tó ju àwo bá kéré jù títí dé òpin ló borí. Nínú gbogbo àlàyé yìí, ìrìn nìkan ni etí Bàbá mú. Eré tí wọ́n ń rìn ṣe. Kí Mùsé tó ti ìsinmi dé, Bàbá ti fi ọ̀wá ọ̀pẹ hun agbọ̀n mẹ́sàn-án, irú èyí tí à ń kó adìyẹ lọ ọjà nínú rẹ̀, ó ti so wọ́n mọ́ igi àti òpó káàkiri oko. Nígbà tí Mùsé padà sí ìlú rẹ̀ lẹ́yìn ọdún méjì, ó fi àwo mẹ́rin sílẹ̀ fún un.

Oore pápá náà ni mo kọ́kọ́ tò sínú orí mi. Òjìji wà níbẹ̀ ní àkókò tí oòrùn Bàǹtè ń pa ẹnu ewúrẹ́ pọ̀. A kì í san nǹkan kan. Nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn máa ń wá, àgbẹ̀ máa ń wá pẹ̀lú ọkọ́ léjìká, àwọn ọmọ Máhì tó bá ìyá wọn wá ra iṣu láti Sáfálù máa ń jù, tí a ó sì máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka oókan dé ẹẹ́sàn-án ní èdè wọn. Bàbá gbọ́ Máhì dáadáa, ṣùgbọ́n ìgbà tó bá ń bínú nìkan ló ń sọ ọ́, torí ó ní èdè Ìṣà tiwa dùn jù láti fi bú ènìyàn. Arúgbó tí orúnkún ń dùn lè bá ọmọ ọdún mẹ́jọ ṣe é, kí ọmọ náà sì jẹ ìyà. Èmi ò tíì rí eré mìíràn tó rí bẹ́ẹ̀.

Ọkùnrin méjì kan, ará Bàǹtè àti ará Lúgbà, ń jà nítorí abo ewúrẹ́ kan. Wọ́n gbé ẹjọ́ wọn tọ Bàbá wá, ó sì ṣòro láti rojọ́ fún ẹni tí kò dúró lójú kan. Bàbá fún wọn ní àwo kan ṣoṣo. Ó ní kí wọ́n jọ máa jù ú, kí ọ̀kan jù, kí èkejì lọ bá a níbi tó bọ́ sí, kó jù ú síwájú. Bí ọ̀kan bá jù ú burúkú, èkejì ni yóò jìyà rẹ̀. Wọ́n ń kùn nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé agbọ̀n kẹrin, wọ́n ti ń sọ fún ara wọn pé rọra, gbé ọwọ́ sílẹ̀ díẹ̀. Mi ò mọ ẹni tó mú ewúrẹ́ náà lọ. Ohun tí mo rántí ni èyí tí Bàbá pariwo tẹ̀lé wọn láti ẹ̀yìn: "Bí ẹ bá parí tí ẹ ṣì ń jà, ẹ tún un bẹ̀rẹ̀."

Àbùkù ńkọ́? Ó pọ̀, ẹ̀yin ará. Mi ò ní torí pé Bàbá ti kú kí n máa kùn ún lẹ́fun. Bí kajú bá ń tanná, àwo yóò gbọn òdòdó dànù, ẹ̀ka tí àwo ń bà lọ́jọ́ gbogbo kì í so bíi ti ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí èso bá ń já bọ́, ilẹ̀ yóò máa yọ̀, omi kajú yóò ba aṣọ jẹ́, ọṣẹ kankan kò sì lè yọ ọ́. Àwọn màlúù Fúlàní mọ ọjọ́ tí èso pọ̀ ju àwa lọ. Bí òjò bá rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, koríko ti dé ìdí ọmọdé, ejò ti dé ìdí koríko. Bí ọyẹ́ bá dé, afẹ́fẹ́ yóò gbé àwo lọ sí orí ebè iṣu aládùúgbò, àwa yóò sì lọ tẹ ewé iṣu mọ́lẹ̀ níbi tí a ti ń wá a. Ewúrẹ́ jẹ etí àwo kan. Òmíràn wọ kànga. Nígbà tó yá, ọmọrí garawa ọ̀dà la fi ń kún un, ó sì ń fò bí adìyẹ tí wọ́n jù láti orí òrùlé.

Àbùkù mìíràn ni Bàbá fúnra rẹ̀. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń fìdí rẹmi. Bí ẹ bá kà á pé ó ju àwo lẹ́ẹ̀márùn-ún, òun yóò ní ẹ̀ẹ̀mẹta ni. Ẹ ó ka ọ̀kọ̀ọ̀kan fún un lójú, ibi tó bà, igi tó kọ lù. Yóò gbọ́ ọ tán, yóò ní, "Méjì yẹn, afẹ́fẹ́ ló jù wọ́n."

Ṣùgbọ́n bí ẹlòmíràn bá ṣe àṣìṣe, kì í bú u, kì í sì í kí i ní pẹ̀lẹ́. Bí o bá ju àwo sínú ẹ̀gún, bí o bá jù ú gba orí òrùlé Mùsé, bí ojú bá ń tì ọ́, tí o dúró tí o ń ṣàlàyé, gbólóhùn kan ló ní fún gbogbo ayé, ọ̀gá kọ́lẹ́ẹ̀jì ni o, ọmọ ọwọ́ ni o: "Lọ mú un wá." Mo ti gbọ́ ọ tó ìgbà ẹgbẹ̀rún. Tẹ́lẹ̀ mo rò pé àìláàánú ni.

Ó wá kan agbọ̀n kẹsàn-án. Òun ni ìjà ibẹ̀ pọ̀ jù. Ó wà lẹ́yìn igi kajú tó tóbi jù nínú oko, o kò lè rí i láti ibi tí o ti ń jù. Ọ̀gán ńlá kan dí ọwọ́ ọ̀tún igi náà, nítorí náà ọwọ́ òsì nìkan ni àwo lè gbà kọjá, lẹ́yìn náà ó gbọ́dọ̀ yí padà sí ọ̀tún, kó yọ sí agbọ̀n lẹ́yìn igi. Àwo tí ènìyàn bá fi ọwọ́ ọ̀tún jù, bí ó bá ti ń rẹ̀ ẹ́, òsì ló máa ń ya sí. Gbogbo wọn ló ń lọ sínú igbó. Nọ́ọ̀sì bẹ Bàbá, olórí kọ́lẹ́ẹ̀jì bẹ̀ ẹ́, wọ́n ní agbọ̀n yìí ń ba pápá jẹ́, kó gbé e sí gbangba. Bàbá tó ń gba ọ̀rọ̀ ọmọdé rò kò gba èyí. Ó ní, "Ibi tó yẹ ló wà."

Èmi ń jù ú wọlé ní ẹ̀ẹ̀mejì, nígbà mìíràn ní ẹ̀ẹ̀kan. Mo sì ń gbéra ga. Mo rò pé mo mọ̀ ọ́n jù ni.

Ọlọ́wọ́ òsì ni mí. Ní ilé wa ní Sáfálù, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ẹ mọ bó ṣe rí: ènìyàn kì í fi òsì kí àgbà, kì í fi òsì gba nǹkan, kì í fi òsì jẹun. Bàbá mi máa ń ya ìrépé aṣọ, yóò fi di ọwọ́ òsì mi mọ́ ìhà nígbà oúnjẹ àti nígbà ìkọ̀wé. Kò ṣe é pẹ̀lú ìbínú. Ó máa ń so ó jẹ́jẹ́, yóò bi mí pé ṣé kò há jù. Ṣùgbọ́n ó ń so ó. Bí ìsinmi bá dé, wọ́n á gbé mi sínú ọkọ̀ akẹ́rù lọ bá Bàbá Àgbà ní Bàǹtè, àpá aṣọ yóò ṣì wà lára mi.

Ọjọ́ tí Bàbá kọ́kọ́ gbé àwo fún mi, mo fi ọwọ́ òsì pamọ́ sẹ́yìn, mo fi ọ̀tún jù ú. Ó bọ́ síwájú ẹsẹ̀ mi. Ó ní kí n lọ mú un wá. Mo tún jù ú, ó tún bọ́. Ó wo ẹ̀yìn mi. Ó ní, "Ọwọ́ kejì ńkọ́?" Mo ní kò dára. Bàbá dúró. Kò ṣí ẹsẹ̀, kò yí orí, àní mo bẹ̀rù, torí mi ò rí i kó dúró bẹ́ẹ̀ rí. Lẹ́yìn náà ó mú ọwọ́ òsì mi láti ẹ̀yìn, ó fi àwo sí i. Ó ní, "Àwo ò mọ ìyẹn."

Ìsinmi tó tẹ̀lé e, mo bá agbọ̀n kẹsàn-án lẹ́yìn igi ńlá. Tẹ́lẹ̀, gbangba ló wà.

Ọ̀rọ̀ tí mo pa mọ́ láti kékeré ló kàn báyìí. Mo jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá. Ìsinmi ń parí lọ, bàbá mi sì ti ń bọ̀ wá mú mi. Ó ti kìlọ̀ fún mi kí n tó wá: "Bí mo bá tún gbọ́ pé ọwọ́ òsì rẹ ṣe nǹkankan níbẹ̀, o kò ní fi ẹsẹ̀ kan Bàǹtè mọ́." Mo mọ̀ pé yóò dé lọ́jọ́ náà. Mo ṣáà ní kí n ju ti ìdágbére kan. Ní ìgbà yẹn, ọ̀nà omi, èyí tí àwọn obìnrin ń gbà lọ sódò, gba ẹ̀yìn agbọ̀n kẹsàn-án kọjá. Mi ò pariwo kí n tó jù ú, bí Bàbá ti ní kí a máa ṣe. Àwo náà yí igi náà ká dáadáa, ó fo agbọ̀n, ó sì kọ lu ìkòkò tó wà lórí Ìyá Pọ́ọ̀lù.

Ìyá Pọ́ọ̀lù ni opó tó ń gbé ìsàlẹ̀ oko. Aláṣọ funfun ni. Omi tí wọ́n máa lò ní ìjọ wọn ló lọ pọn, pẹ̀lú sùtánà lọ́rùn àti ẹsẹ̀ lásán. Ìkòkò náà fọ́ lórí rẹ̀. Omi dà sí i lára, ó jókòó sínú ẹrẹ̀, sùtánà funfun náà di pupa títí dé igbáàyà. Ó pariwo. Mo gbọ́ ohùn bàbá mi láti ilé, ó ti dé, ó ń béèrè pé kí ni, ó ń bọ̀. Mo wo ọwọ́ mi bí ẹni pé wọ́n máa gé e.

Bàbá ti agbọ̀n keje wá, ó ń yára, ó kọjá lára mi bí ẹni tí kò rí mi. Ó gbé Ìyá Pọ́ọ̀lù dìde, ó mú àwo nílẹ̀. Nígbà tí bàbá mi fi yọ, àwo wà lọ́wọ́ Bàbá. Bàbá ní, "Èmi ni. Ẹ dákun, ọwọ́ mi ló yọ̀."

Ìyá Pọ́ọ̀lù wò ó, ó sì wò mí. "Ẹ̀yin, Bàbá Kàntóníè?"

"Èmi ni."

Bàbá mi bínú sí i níwájú gbogbo wa. Ó ní àgbàlagbà tó ń fi àwo ọmọdé ṣeré yóò pa ènìyàn lọ́jọ́ kan. Bàbá mi gbá mi lọ́wọ́ mú, a wọ ọkọ̀. Láti Bàǹtè dé Sáfálù, mo jókòó lé ọwọ́ òsì mi.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà, ìlú ló sọ fún mi. Wọ́n pe Bàbá síwájú àwọn àgbà àdúgbò. Ó ra ìkòkò tuntun. Ìyá Pọ́ọ̀lù ní ìkòkò kọ́ ló ń dun òun, ọrùn ni, ta ni yóò máa pọn omi fún òun? Wọ́n ní kí Bàbá wá ọmọbìnrin kan tí yóò máa bá a pọn ọ́n. Bàbá ní rárá, ọwọ́ tó fọ́ ìkòkò ni yóò pọn omi. Láti ọjọ́ yẹn títí òjò àkọ́kọ́ fi rọ̀, bàbá bàbá mi ń ru ìkòkò lórí láti odò, ní ìlú tí ọkùnrin kì í ti í ru omi lórí bí kò bá jẹ́ pé ìyàwó rẹ̀ ń ṣàìsàn, tí yóò sì tún gba ẹ̀yìnkùlé. Òun gba ojú ọ̀nà gan-an. Àwọn ọkùnrin ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní Bàbá Kàntóníè ti lọ́kọ. Ó ń dá wọn lóhùn láìdúró: "Ẹ ṣáà má dí mi lọ́nà."

Wọ́n ní bí ó bá gbé agbọ̀n kẹsàn-án kúrò, ọ̀rọ̀ yóò parí. Kò gbé e. Ó ń mú ọkọ́ kékeré kan dání lọ sódò. Ní gbogbo ìgbà tó bá ń lọ pẹ̀lú ìkòkò òfìfo, yóò gbẹ́ ilẹ̀ díẹ̀, yóò pa koríko díẹ̀. Kí òjò tó dé, ọ̀nà omi ti yípo, ó ti gba ẹ̀yìn ọ̀gán, ó jìnnà sí agbọ̀n. Àwọn obìnrin ń tẹ̀lé e. Lónìí, bí ẹ bá béèrè, wọ́n ní ibẹ̀ ni ọ̀nà náà ń gbà láti ayé baba ńlá àwọn. Mo bi Bàbá pé kí ló dé tí kò kúkú gbé agbọ̀n. Ó ní, "Ọ̀nà ni iṣẹ́ mi."

Mo fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ gbà mí gbọ́. Ṣùgbọ́n báwo ni wọ́n ṣe ń kúnlẹ̀ fún ẹni tí kì í dúró? Lẹ́ẹ̀kan, mo sáré ṣíwájú rẹ̀, mo kúnlẹ̀ sójú ọ̀nà, mo la ẹnu. Ó yà mí sílẹ̀, ó ń lọ, ó ní, "Dìde, o dí ọ̀nà." Mo ti di olùkọ́, mo ti bímọ, mi ò tíì sọ ọ̀rọ̀ ọpẹ́ náà. Nígbà tí àìsàn dé, ọjọ́ mẹ́ta péré ló lò. Mo dé ní ọjọ́ kẹta, àwọn ènìyàn kún yàrá, mi ò lè sọ ọ́. Ó ń ní kí wọ́n gbé òun dìde.

Báyìí ni mo ṣe dé ìpàdé. Kajú ń já bọ́ nígbà yẹn, òórùn rẹ̀ gba gbogbo oko. Wọ́n gbé bẹ́ǹṣì sí abẹ́ igi ńlá. Ìyá Pọ́ọ̀lù ti gbó, ó fi ọ̀pá wá, torí aládùúgbò ni, ọ̀rọ̀ igi kan òun náà. Mo dìde, mo sọ oore pápá náà, mo sọ àbùkù rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí mo ti sọ ọ́ fún yín. Bàbá mi ń mi orí sí àbùkù. Nígbà tí mo parí, ó ní, "O kò dárúkọ èyí tó burú jù. Agbọ̀n tó fọ́ ìkòkò mọ́ ènìyàn lórí."

Mo wo ilẹ̀. Mo ní, "Agbọ̀n kọ́. Bàbá Àgbà náà kọ́. Èmi ni mo ju àwo yẹn."

Mo wo Ìyá Pọ́ọ̀lù, mo kúnlẹ̀ fún un. Ó ní kí n dìde.

"Mo mọ̀," ló wí. "Mo rí ọ. Ọwọ́ òsì lo fi jù ú."

Bàbá mi yí ojú sí i. "Ẹ mọ̀, ẹ sì jẹ́ kí àgbàlagbà máa ru omi?"

"Mo sọ fún un ní ọjọ́ kẹta pé kó má wá mọ́, mo mọ ẹni tó jù ú. Ó ní kí n pa ẹnu mọ́, kí ìwọ má baà gbọ́. Mo ní kó wá gbé agbọ̀n náà kúrò, kí ọmọ náà má ba ìkòkò mìíràn jẹ́. Ó ní rárá. Ó ní nínú mẹ́sàn-án, mẹ́jọ ló jẹ́ ti ọlọ́wọ́ ọ̀tún, kí n fi ọ̀kan sílẹ̀ fún ọmọ òun." Ó tọ́ka ọ̀pá rẹ̀ sí bàbá mi. "Ó ní òun ti di ọwọ́ ọmọ kan rí, nítorí pé ilé ìwé ní kí òun dì í. Ó ní ọmọ náà kò dá orin sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, láti ìgbà yẹn kò kọrin mọ́. Ó ní òun kò mọ bí wọ́n ṣe ń tú u."

Mi ò gbọ́ ọ rí. Ọlọ́run jẹ́rìí mi, ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni mí, mi ò gbọ́ ọ rí pé ọlọ́wọ́ òsì ni bàbá mi. Mo fẹ́ bínú sí i pé ó mọ bí aṣọ yẹn ti ń rí lára, ó sì so ó mọ́ mi. Mo fẹ́ bínú sí Bàbá Àgbà pé òun ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Mi ò rí ibi tí n ó gbé ìbínú náà sí. Ìgbà náà ló yé mi pé gbogbo ìrìn tí Bàbá ń rìn, ọ̀nà gbogbo tó ń tún ṣe, ó ti ba ọ̀kan jẹ́ tí kò lè tún ṣe mọ́.

Bàbá mi dìde. Ó bi mí pé àwo dà. Ọ̀kan ṣoṣo tó kù, èyí tí ewúrẹ́ jẹ etí rẹ̀, wà nínú àpò mi. Mo gbé e fún un, ó fi ọwọ́ ọ̀tún gbà á bí ó ti yẹ. Ó rìn lọ sí òkúta tí a ti ń jù, gbogbo ẹbí ń wò ó. Ó dúró níbẹ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò lílọ̀ rẹ̀. Ó wo àwo náà. Ó gbé e sí ọwọ́ òsì.

Ó jù ú. Kò dára. Ó gba òsì igi kọjá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya sí ọ̀tún, ó kọ lu ìdí òpó, ó sì bọ́ sáàárín èso kajú. Àwọn kan rẹ́rìn-ín díẹ̀. Mo dúró, mò ń retí kó padà wá jókòó, kó sọ bí a ṣe máa gé igi náà.

Ó na ọwọ́ òsì rẹ̀ sí mi, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀.

"Ìyábọ̀," ló wí, "lọ mú un wá."